Àríyànjiyàn Lórí Ẹgbẹ́ Agbábọ́ọ̀lù Kọ́lẹ́ẹ̀jì

Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú ní ọjọ́ Sátidé ní Ìlá-Ọ̀ràngún, ẹni tí ó bá ń kọjá níwájú ilé ìwòran bọ́ọ̀lù yóò gbọ́ ariwo kí ó tó rí ènìyàn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wà níbẹ̀, àwọn olùkọ́ wà níbẹ̀, télọ̀ àti ọlọ́kadà kò gbẹ́yìn. Oníkálukú ti san owó ìwọlé, wọ́n ti fún ara wọn mọ́ orí bẹ́ǹṣì, ojú gbogbo wọn sì wà lára tẹlifíṣọ̀n. Arsenal ni ti ọ̀kan, Chelsea ni ti èkejì, Manchester United ni ti ẹ̀kẹta, iyàn tí wọ́n sì ń jà kì í ṣe iyàn ọmọdé. Wọ́n mọ akọ́nimọ̀ọ́gbá tí a lé ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, wọ́n mọ iye owó tí a fi ra òṣèré kan, wọ́n sì lè ka àṣìṣe rẹfirí kan tí ó ti pẹ́ bí ẹni ń ki oríkì. Bí bọ́ọ̀lù bá parí, iyàn kò parí. Yóò bá wọn dé ojú ọ̀nà, yóò sì bá wọn wọ yàrá ibùsùn.

Ìlú kọ́lẹ́ẹ̀jì ni Ìlá. Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ẹ̀kọ́ Olùkọ́ni ti Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wà níbẹ̀, àwọn ọmọ Ìgbómìnà láti Òkè-Ìlá àti Ọ̀rà sì ń bá àwọn ọmọ ìlú mìíràn kẹ́kọ̀ọ́ nínú rẹ̀. Síbẹ̀, bí ẹnì kan bá wọ ilé ìwòran yẹn tí ó sì ní kí wọ́n dárúkọ aṣọ́lé ẹgbẹ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ṣoṣo ní gbogbo ilẹ̀ Yorùbá, ó ṣeé ṣe kí ilé pa rọ́rọ́. Kí ni ó dé tí ènìyàn fi lè fi ohùn gbígbóná jiyàn lórí ẹgbẹ́ kan ní Lọ́ńdọ̀nù tí kò fojú kan rí, tí kò sì ní ọ̀rọ̀ kan láti sọ nípa ẹgbẹ́ tí ọmọ yàrá rẹ̀ ń gbá bọ́ọ̀lù fún?

Àwọn kan yóò dáhùn pé bọ́ọ̀lù àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni ó dára jù. Òtítọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò tó ìdáhùn. Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, àwọn tí ń fi bọ́ọ̀lù ṣe iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ mọ̀ ọ́n gbá ju ọmọ ilé-ìwé lọ fíìfíì, síbẹ̀ ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ti di ìyá àti bàbá àgbà, ni ó ń fi ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì jiyàn láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Kí ni wọ́n ní tí a kò ní? Ọ̀kan nínú àwọn ilé-ẹ̀kọ́ náà ni Yunifásítì Houston ní Ìpínlẹ̀ Texas. Ó tọ́ kí á yẹ ti Houston wò dáadáa, nítorí pé orúkọ ọmọ Yorùbá kan wà láàárín gbùngbùn iyàn tí wọ́n ti ń jà níbẹ̀ fún ohun tí ó lé ní ogójì ọdún.

Nínú ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ará Amẹ́ríkà, kọ́lẹ́ẹ̀jì ni wọ́n ń pe yunifásítì pẹ̀lú. Eré méjì ni ó sì gba iwájú nínú àwọn eré tí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ náà ń fi díje. Èkíní ni bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀. Olùkọ́ ni ó dá eré yìí sílẹ̀. James Naismith, ẹni tí ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìlú Springfield, ń wá ohun tí wọn yóò lè máa ṣe nínú ilé ní àkókò òtútù, ní oṣù Kejìlá ọdún 1891, ni ó bá gbé apẹ̀rẹ̀ èso méjì kọ́ sí òkè, ọ̀kan ní ìpẹ̀kun kan, èkejì ní ìpẹ̀kun kejì. Ènìyàn márùn-ún márùn-ún ni ó ń dojú kọ ara wọn. Eré kejì ni èyí tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé e sáré ju pé kí wọ́n fi ẹsẹ̀ gbá a lọ. Bọ́ọ̀lù náà gùn, ó sì ṣe ṣóńṣó ní orí méjèèjì bí èso kòkó. Mọ́kànlá ni ó ń kọlu mọ́kànlá, tí olúkúlùkù wọn dé akoto líle. Láti ìparí oṣù Kẹjọ ni wọ́n ti ń ṣe eléyìí títí wọ inú oṣù Kìn-ín-ní. Ti alápẹ̀rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kọkànlá, ó sì ń parí ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹrin. Èyí ni pé fún oṣù méje tí ó tẹ̀ léra wọn, ohun kan wà tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, ohun mìíràn sì ń bọ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Ó dára kí ènìyàn fi èyí sọ́kàn.

Houston kò fìgbà gbogbo jẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ ńlá nínú eré. Ohun tí ó gbé orúkọ rẹ̀ jáde ni ìpinnu tí ó ṣe ní ọdún 1964, nígbà tí ó gba àwọn ọmọ adúláwọ̀ sí ẹgbẹ́ rẹ̀ méjèèjì ní apá ibi tí ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ kò ti fẹ́ gba wọ́n. Ọ̀kan nínú wọn, Elvin Hayes, ni ó gba àmì 39 wọlé ní ọjọ́ 20 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1968, tí Houston fi na UCLA, ẹgbẹ́ tí kò tíì pàdánù nínú ìdíje 47 tí ó ti ṣe tẹ̀ léra, ní àmì 71 sí 69. Ènìyàn 52,693 ni ó wà ní pápá ní ọjọ́ náà, tẹlifíṣọ̀n sì gbé e dé gbogbo Amẹ́ríkà. Ní oṣù méjì lẹ́yìn náà, UCLA pàdé wọn lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì fi àmì 101 sí 69 nà wọ́n. Èwo nínú méjèèjì ni ó fi ẹni tí ó dára jù hàn? Àwọn àgbà Houston kò gbà pé ó jẹ́ èkejì.

Ní ọjọ́ 21 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1963 ni a bí Hakeem Ọlájùwọ́n ní Èkó. Kọ́lẹ́ẹ̀jì Àwọn Olùkọ́ Mùsùlùmí ní Èkó ni ó lọ, ohun tí ó yẹ kí ẹnikẹ́ni tí ó ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ni lónìí ṣàkíyèsí ni èyí: inú ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ni ọ̀kan nínú àwọn agbábọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ tí ó ga jù lọ ní ayé ti jáde. Aṣọ́lé ni ó jẹ́ nínú bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá, ó sì tún ń gbá èyí tí a ń fi ọwọ́ jù sí ojú ilé. Ó ti ń di géńdé kí ó tó fi ọwọ́ kan bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ rárá. Nígbà tí ó di olókìkí tán, àwọn ènìyàn ń bi í léèrè ibi tí ó ti kọ́ bí a ṣe ń gbé ẹsẹ̀ bí oníjó, ó sì máa ń tọ́ka wọn sí bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá tí ó gbá ní Èkó.

Ní ọdún 1980 ni ó dé Houston. Kò sí ẹni tí ó wá pàdé rẹ̀ ní pápá ọkọ̀ òfuurufú. Takisí ni ó gbé e dé yunifásítì. Ọdún àkọ́kọ́ kọjá láìjẹ́ pé ó bá wọn jáde sí ìdíje. Ṣùgbọ́n nínú ọdún mẹ́ta tí ó fi gbá a fún wọn, ní 1982, 1983 àti 1984, kò sí ọdún kan tí Houston kò sí lára àwọn ẹgbẹ́ mẹ́rin tí ó kẹ́yìn nínú ìdíje gbogbo Amẹ́ríkà. Akeem ni wọ́n ń kọ orúkọ rẹ̀ nígbà náà. Ọdún 1991 ni ó tó fi H síwájú rẹ̀. Ní ọdún 1984, òun ni ẹgbẹ́ àgbábọ́ọ̀lù-jẹun kọ́kọ́ mú nínú gbogbo àwọn tí ó jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, ṣáájú Michael Jordan, tí ó jẹ́ ẹni kẹta. Ní ọdún 1998 ẹ̀wẹ̀, Michael Olówókàndí, ọmọ tí a bí ní Èkó tí a tọ́ dàgbà ní Lọ́ńdọ̀nù, ni a kọ́kọ́ mú.

Iyàn tí kò tán ni ti oṣù Kẹrin ọdún 1983. Houston ti borí nínú ìdíje 26 tẹ̀ léra, ó sì kù kí ó na North Carolina State, ẹgbẹ́ tí a ti nà ní ìgbà mẹ́wàá ní sáà yẹn, kí ó tó gba ife. Ìlú Albuquerque ni wọ́n ti pàdé. Nígbà ìsinmi, NC State wà níwájú ní 33 sí 25. Nígbà tí wọ́n padà dé, Houston sáré bí iná ọyẹ́, ó sì bọ́ síwájú ní 42 sí 35. Ibi yìí ni akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, Guy Lewis, ti ní kí wọ́n rọra, kí wọ́n máa di bọ́ọ̀lù mú kí àkókò lè lọ. Ó di 52 sí 52. Ní ìṣẹ́jú àáyá tí ó kẹ́yìn, òṣèré NC State kan ju bọ́ọ̀lù láti ọ̀nà jíjìn, kò dé ibi tí ó ń lọ. Ṣùgbọ́n ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Lorenzo Charles, fò sókè, ó mú un nínú afẹ́fẹ́, ó sì kì í bọ inú apẹ̀rẹ̀. 54 sí 52. Houston pàdánù.

Kí ni ó fà á? Àwọn kan ní Lewis ni: ẹni tí ń sáré borí, kí ni ó ní kí ó dúró sí? Àwọn mìíràn ní kì í ṣe Lewis, jíjù ọ̀fẹ́ ni, èyí tí a ń fún ẹni tí alátakò bá ṣẹ̀. Mọ́kàndínlógún ni Houston rí gbà, mẹ́wàá péré ni ó wọlé. Ìsọ̀rí kẹta a máa rántí pé Clyde Drexler ti ní ẹ̀ṣẹ̀ mẹ́rin lọ́rùn kí ìdajì eré tó parí, tí ó bá sì di márùn-ún, ìta ni. Àwọn kan tún wà tí wọ́n ń dá ẹjọ́ náà fún ilẹ̀: Albuquerque ga ju òkun lọ ní ohun tí ó lé ní mítà 1,500, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fẹ́lẹ́, Ọlájùwọ́n sì ń mí gúlegúle. Ṣùgbọ́n àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn le jù ni àwọn tí wọ́n bi í pé, níbo ni Akeem wà nígbà tí Charles fò? Ẹ̀gbẹ́ apẹ̀rẹ̀ náà ni ó wà, ó ń retí pé kí bọ́ọ̀lù kan irin kí òun tó mú un. Àwọn tí wọ́n ń gbèjà rẹ̀ a sì dáhùn pé àmì 20 ni ó gbà wọlé ní alẹ́ ọjọ́ náà, bọ́ọ̀lù 18 ni ó gbà padà, òun ni a sì yàn ní òṣèré tí ó ta yọ jù nínú ìdíje náà bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹgbẹ́ rẹ̀ ni ó pàdánù.

Ẹni tí ó bá mọ bí a ṣe ń ta ayò lábẹ́ igi kò ní rí ohun àjèjì nínú èyí. Ọ̀ta àti ọ̀pẹ́ ni ó jókòó ti ọpọ́n, ṣùgbọ́n àwọn òǹwòran ni ó ni ẹjọ́. Àwọn ni yóò sọ pé ojú kẹrin ni ó yẹ kí ọ̀pẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, àwọn ni yóò rántí ẹni tí ó jẹ ẹ́ ní ọdún ìjẹta, bí wọ́n bá sì dákẹ́, ayò náà kò dùn mọ́ fún àwọn tí ń ta á pàápàá. Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo tí ó wà níbẹ̀ ni pé àwọn ará Houston ní àkọsílẹ̀. Kò sí ẹni tí ó lè sọ pé jíjù ọ̀fẹ́ márùndínlógún ni ó wọlé, nítorí pé mẹ́wàá ni ó wà nínú ìwé. Ọmọ tí a kò tíì bí ní 1983 lè ṣí ìwé náà kí ó sì bá bàbá rẹ̀ jiyàn.

Iyàn bẹ́ẹ̀ a sì máa pa ènìyàn lára. Lewis fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1986. Ó ti kó ẹgbẹ́ rẹ̀ dé ipele mẹ́rin tí ó kẹ́yìn ní ìgbà márùn-ún, síbẹ̀ ọdún 2013 ni a tó gba orúkọ rẹ̀ sínú ilé àwọn olókìkí bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀; ọ̀pọ̀ nínú àwọn alátìlẹ́yìn sì gbà pé ọ̀rọ̀ tí a sọ nípa alẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo ni ó dí i lọ́nà. Ó kú ní ọdún 2015. Ní ọdún 2025, lábẹ́ Kelvin Sampson, Houston tún dé àṣekágbá. Ó fi àmì 12 ṣáájú Florida lẹ́yìn ìsinmi, ó sì tún pàdánù ní 65 sí 63, láìjẹ́ pé ó rí àyè ju bọ́ọ̀lù tí ó kẹ́yìn rárá. Ìkòkò iyàn ti 1983 tún hó lákọ̀tun.

Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá wọn korò ju èyí lọ, nítorí pé owó wà nínú rẹ̀. Ní ìparí ọdún 1988, àjọ NCAA tí ń ṣe àkóso eré kọ́lẹ́ẹ̀jì fi ìyà jẹ Houston nítorí owó tí a ti ń fún àwọn òṣèré ní ìkọ̀kọ̀. A ní kí a má ṣe fi ẹgbẹ́ náà hàn lórí tẹlifíṣọ̀n ní ọdún 1989. Ọdún yẹn gan-an ni òṣèré wọn kan, Andre Ware, gba àmì-ẹ̀yẹ Heisman, tí í ṣe ti ẹni tí ó dára jù lọ nínú bọ́ọ̀lù kọ́lẹ́ẹ̀jì ní gbogbo Amẹ́ríkà. Ẹni tí a kò rí lórí tẹlifíṣọ̀n ni ó gba ẹ̀bùn lórí àwọn tí a ń rí lójoojúmọ́! Ọ̀rọ̀ tí ó ti ẹnu àwọn ènìyàn jáde àti àkọsílẹ̀ àwọn oníwèé ìròyìn ni ó gbé orúkọ rẹ̀ dé ibi tí àwòrán kò dé.

Ohun tí ó jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ ní 1988 ti di òfin báyìí. Láti oṣù Keje ọdún 2021 ni akẹ́kọ̀ọ́ òṣèré ti lè gba owó lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò tí ó bá fẹ́ lo orúkọ rẹ̀. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2025, adájọ́ kan fi ọwọ́ sí àdéhùn tí ó jẹ́ kí ilé-ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀ máa san owó fún àwọn òṣèré, tí gbogbo rẹ̀ lè tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 20 àti ààbọ̀ dọ́là ní ọdún àkọ́kọ́. Báwo ni a ó ṣe pín in? Bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá ni ó ń mú owó tẹlifíṣọ̀n wọlé ní ọ̀pọ̀ jù lọ, òun ni ó sì ń gba ìpín tí ó pọ̀ jù ní ilé-ẹ̀kọ́ púpọ̀. Ṣùgbọ́n ní Houston, alápẹ̀rẹ̀ ni ó ń gbé ògo ilé-ẹ̀kọ́ náà. Àwọn kan ní kí a bọ́ ẹṣin tí ń sáré. Àwọn kan ní màlúù tí ń fún ni ní wàrà ni kí a bọ́. Àwọn àgbà kò tíì gbàgbé Tom Herman, akọ́nimọ̀ọ́gbá àfẹsẹ̀gbá tí ó borí ní ìgbà 13 nínú 14 ní sáà 2015, tí Yunifásítì Texas, ilé-ẹ̀kọ́ tí ó lówó jù wọ́n lọ, sì gbà lọ́wọ́ wọn ní òpin sáà kejì. Láti ìgbà náà, ẹni tí ó bá ní akọ́nimọ̀ọ́gbá rere, àwọn alátìlẹ́yìn rẹ̀ kì í sùn dáadáa.

Ohun kan wà nínú ọ̀rọ̀ owó yìí tí ó kan ọmọ Yorùbá ní tààrà. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ti Nàìjíríà lọ sí Amẹ́ríkà pẹ̀lú ìwé ìrìnnà akẹ́kọ̀ọ́ kò ní àyè láti ṣiṣẹ́ gba owó bí ó ti wù ú. Nítorí náà, owó tí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń gbà láìsí ìfòyà lè di wàhálà fún un pẹ̀lú àwọn aṣọ́bodè. Olùkọ́ tí ó bá ní ọmọ gíga kan ní kíláàsì, tí ẹni kan sì wá sọ fún òbí ọmọ náà pé owó ń bẹ ní Amẹ́ríkà, yóò ṣe dáadáa bí ó bá kọ́kọ́ bèèrè nípa ìwé ìrìnnà.

Ǹjẹ́ irú iyàn yìí kò wà ní ilẹ̀ wa rí? Ó wà. Ní ọdún 1965 ni a dá àjọ eré àwọn yunifásítì, NUGA, sílẹ̀, Ìbàdàn ni ó sì gba àlejò àkọ́kọ́ ní 1966, nígbà tí yunifásítì márùn-ún péré wà ní gbogbo Nàìjíríà. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga nígbà náà kì í ṣe ibi tí bọ́ọ̀lù ti ń kú. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹta ọdún 1980, nígbà tí Nàìjíríà na Algeria ní 3 sí 0 ní Sùúrùlérè láti gba ife Áfíríkà ní ìgbà àkọ́kọ́, Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí ni ó gbá méjì wọlé nínú mẹ́ta náà, ẹni tí ó kẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀rọ ní Polí Ìbàdàn. Adokiye Amiesimaka, tí ó wà lára wọn, kẹ́kọ̀ọ́ òfin ní Yunifásítì Èkó. Bí ènìyàn bá ń wo wọn lórí tẹlifíṣọ̀n, akẹ́kọ̀ọ́ èyíkéyìí lè ní, "Ti wa ni ẹni yẹn."

Ohun tí ó sọnù ni ìdíje tí ń bọ̀. Ọdún méjì méjì ni a ṣètò NUGA fún, ìgbà púpọ̀ ni a sì ti sún un síwájú. Ti àwọn polí, NIPOGA, àti ti àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ olùkọ́ni, NICEGA, kò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí NUGA wáyé ní Yunifásítì Èkó ní oṣù Kẹta ọdún 2022, ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ yunifásítì tí ó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kejì ti ti ilẹ̀kùn kíláàsì pa. Ó dára pé eré náà kò dúró. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tí ì bá hó yè, ilé bàbá wọn ni wọ́n wà. Nínú kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ olùkọ́ni, ọdún mẹ́ta ni akẹ́kọ̀ọ́ ń lò, apá kan nínú rẹ̀ sì jẹ́ ti ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́ni ní ilé-ìwé tí ó jìnnà sí ọgbà. Ẹni tí ó bá wọlé ní ọdún tí a ṣe eré kan lè jáde kí òmíràn tó dé. Lórí kí ni yóò ti jiyàn? Kò sí ẹni tí ń jiyàn lórí ohun tí kò ní ọ̀la.

Ìdíje HiFL tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2018 fi hàn pé àìlera yìí ní oògùn. Bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá àwọn yunifásítì ni, wọ́n sì ṣètò rẹ̀ kí ẹgbẹ́ kan gba àlejò, kí ó sì tún lọ ṣe àlejò. Wọ́n fún àwọn ẹgbẹ́ ní orúkọ: Giants ni ti Ifẹ̀, Pioneers ni ti Ìbàdàn, Warriors ni ti Ìlọrin. Orúkọ lè dà bí nǹkan kékeré. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mọ bí àwọn ọmọ Ifẹ̀ ti ń pe ara wọn ní Great Ife yóò mọ̀ pé orúkọ ni ó kọ́kọ́ ń fa iyàn. Bí ẹgbẹ́ kan bá fi gòólù kan pàdánù ní ilé àlejò, ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e ni yóò gbẹ̀san ní ilé tirẹ̀, láàárín ọ̀sẹ̀ méjèèjì yìí, kò sí kàfẹ́ tàbí yàrá tí yóò dákẹ́.

Ẹnì kan lè sọ pé ìwé ni a wá kà. Òótọ́ ni, a kò sì gbọdọ̀ fojú di í: ilé-ẹ̀kọ́ tí kò ní ẹ̀rọ tí ó pé nínú yàrá sáyẹ́ǹsì kò gbọdọ̀ na owó rẹ̀ sórí bọ́ọ̀lù bí ti Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn olùkọ́ pàápàá ń kùn pé akọ́nimọ̀ọ́gbá ń gbowó ju ọ̀gá yunifásítì lọ. Ẹlòmíràn yóò rántí tẹ́tẹ́. Ní ilé ìwòran òde òní, ọ̀pọ̀ ìgbà ni ó jẹ́ pé owó tẹ́tẹ́ ni ó ń sọ̀rọ̀ láti ẹnu ẹni tí ń pariwo jù. Bí bọ́ọ̀lù kọ́lẹ́ẹ̀jì bá sì di ohun ìta tẹ́tẹ́, ọmọ ogún ọdún tí ó pàdánù jíjù ọ̀fẹ́ kan ni yóò gba èébú rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, èyí ti ń ṣẹlẹ̀ gan-an. Ṣùgbọ́n àwọn ewu wọ̀nyí jẹ́ ti ibi tí iyàn ti pọ̀ jù. Ní Ìlá àti ní ọ̀pọ̀ ibòmíràn, ọgbà ni ó dákẹ́ jù.

Ohun tí kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Ìgbómìnà lè ṣe kò gba owó púpọ̀. Ọ̀nà Òkè-Ìlá àti Ọ̀rà kò jìn, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ìlú Ìgbómìnà ní ìhà Kúwárà, bí Òmù-Àrán, kò jìn. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga àti ilé-ẹ̀kọ́ girama ń bẹ káàkiri níbẹ̀. Bí ẹgbẹ́ mẹ́rin bá fohùn ṣọ̀kan láti máa pàdé ní ọ̀sán Sátidé kan nínú ọ̀sẹ̀ méjì, kí àwọn ọmọ ilé ìwòran tó jókòó ní alẹ́, ìdíje méjìlá ni yóò wà nínú sáà kan bí wọ́n bá gbá a nílé àti lóde. Ti alápẹ̀rẹ̀ tilẹ̀ rọrùn jù: ènìyàn márùn-ún, ilẹ̀ sìmẹ́ńtì kan, òpó méjì.

Èyí tí ó kù ni ìwé. Ọ̀gbẹ́ni olùkọ́ tàbí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá fẹ́ràn ìṣirò lè jókòó sí ẹ̀gbẹ́ pápá pẹ̀lú ìwé àjákọ kan àti bíírò. Yóò kọ ọjọ́, orúkọ alátakò, orúkọ ẹni mọ́kànlá tí ó bẹ̀rẹ̀ eré, ẹni tí ó gbá a wọlé àti ìṣẹ́jú tí ó gbá a wọlé; bí ó bá jẹ́ ti alápẹ̀rẹ̀, yóò kọ iye jíjù ọ̀fẹ́ tí a rí gbà àti iye tí ó wọlé. Ní àárọ̀ Mọ́ńdè, a ó da á kọ sórí bébà kan, a ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara pátákó ìkéde ní ẹnu ọ̀nà ilé ìkàwé, ní ibi tí ẹni tí ó gbá a sí òkè ọ̀pá yóò ti rí orúkọ ara rẹ̀ nígbà tí ó bá ń kọjá lọ sí kíláàsì, àwọn tí wọ́n dúró níbẹ̀ yóò sì ti máa bi í léèrè ohun tí ó rí tí kò fi bọ́ọ̀lù náà fún ẹlẹgbẹ́ rẹ̀.